Ìwé Iṣẹ́ Ṣáájú Físà: Ọ̀rọ̀ Fún Àwọn Tí Ń Fi Kọ̀ǹpútà Ṣiṣẹ́ Fún Ilẹ̀ Òkèèrè

(Èyí ni ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò ẹ̀ka wa. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn tí iṣẹ́ alẹ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè wá.)

  

Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ìbéèrè kan ti ń wọlé lemọ́lemọ́ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ béèrè á wọlé, á ti ilẹ̀kùn, á bojú wẹ̀yìn bí ẹni tí ó jí ewúrẹ́ gbé, á wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Akọ̀wé, wọ́n ní físà kan wà fún ẹni tí ń jókòó sílé fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ṣé òótọ́ ni?" Òótọ́ ni. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀, kò sì yẹ kí a máa sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ Alága kí ó jẹ́ kí n sọ ọ́ ní gbangba, kí ẹni tí ó fẹ́ lọ lè mọ bí ọ̀nà ti rí, kí ẹni tí kò sì lọ lè gba ọmọ rẹ̀ nímọ̀ràn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú òṣìṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Nínú àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ka yìí, àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọn á délé, wọn á jẹun, wọn á tan jẹnẹrétọ̀, iṣẹ́ kejì á sì bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Toronto ni wọ́n ń ṣe é fún: ìṣirò owó, ìwé títẹ̀, dídá oníbàárà lóhùn, kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní iṣẹ́ mìíràn mọ́ ju èyí lọ. Ọ̀gá wọn kò rí wọn rí àfi lójú ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan nínú wa a máa wí pé ẹni tí ó jókòó sílé tí ń tẹ bọ́tìnì kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń ṣeré. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá ti ń ta agbára rẹ̀ gba owó oṣù, òṣìṣẹ́ ni, ìbáà jẹ́ ṣọ́bìrì ni ó dì mú, ìbáà jẹ́ kọ̀ǹpútà.

Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ilẹ̀ kan àti òmíràn ṣí ilẹ̀kùn fún láti ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà lé tọmọdé tàgbà wọlé, tí ilé ìtura àti òtẹ́ẹ̀lì wọn sì di ahoro. Barbados bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje ọdún náà, Estonia tẹ̀lé e ní oṣù kẹjọ. Brazil ṣe ìlànà tirẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2021. Portugal bẹ̀rẹ̀ sí gba ìwé ìbéèrè ní ìparí oṣù kẹwàá 2022, Spain sì fi í sínú òfin ní oṣù kejìlá ọdún kan náà. Britain kò ní irú físà yìí, Amẹ́ríkà kò ní in. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa pọ̀ sí jù, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ajẹ́ǹtì ń fi tan ènìyàn jẹ jù. Ní Britain, láti ìparí oṣù kìíní 2024, ẹni tí ó wá kí ará ilé rẹ̀ lè fọwọ́ kan iṣẹ́ tí ó fi sílẹ̀ nílé, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ náà gan-an ni ó torí rẹ̀ wá, ó ti rú òfin.

Kí ni àdéhùn tí ó wà nínú físà yìí? Kò le. Ìjọba ilẹ̀ náà ń sọ pé: wá, gba ilé, jẹun lọ́jà wa, ṣùgbọ́n kí owó tí o ń ná ti òde wá, má sì bá ọmọ ilẹ̀ wa du iṣẹ́. Spain tilẹ̀ fi ìwọ̀n sí i. Alágbàṣe tí ó bá gba físà náà lè ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Spain, ṣùgbọ́n iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ owó. Portugal ní kí ẹni tí ń bọ̀ máa gba ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù tí ó kéré jù lọ nílẹ̀ wọn. Ní 2025, 870 yúrò ni owó náà, ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀ sì jẹ́ 3,480 yúrò lóṣù kan. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀ bí òṣìṣẹ́. Ní iye tí a ń ṣẹ́ yúrò ní 2025, ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ nílẹ̀ wa láti oṣù keje 2024 jẹ́ 70,000 náírà. Òṣìṣẹ́ tí ń gba 70,000 yóò ṣiṣẹ́ fún ohun tí ó lé ní ọdún márùn-ún, láìjẹ láìmu, kí ó tó rí owó oṣù kan ṣoṣo tí Portugal fẹ́ fojú rí. Nítorí náà kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó ní kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè. Ti Spain fúyẹ́ díẹ̀: ìlọ́po méjì owó òṣìṣẹ́ wọn tí ó kéré jù ni, ó tó bí 2,763 yúrò lóṣù ní 2025, wọn á sì fi kún un bí ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ bá ń bá ènìyàn lọ. Barbados ń béèrè 50,000 dọ́là Amẹ́ríkà lọ́dún. Brazil ni ó rọrùn jù nínú àwọn tí mo dárúkọ: 1,500 dọ́là lóṣù, tàbí kí ènìyàn ní 18,000 dọ́là ní báńkì. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Bahia láyé ọjọ́un, kò sí ẹni tí ó béèrè ìwé báńkì lọ́wọ́ wọn. Ayé ti yí.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà, ibí yìí sì ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí mi dáadáa. Ìwé iṣẹ́ ni. Ọmọ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, ọmọ tí ó jáfáfá, ti ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ òkèèrè kan fún ọdún méjì gbáko. Owó tí wọ́n ń san fún un ju iye tí Portugal ń béèrè lọ. Àmọ́ báwo ni wọ́n ṣe ń san án? Lóṣù kan, wọn á fi owó orí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Lóṣù kejì, ó di àkáǹtì ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Lóṣù kẹta, wọn á pa oṣù méjì pọ̀. Ìwé àdéhùn rẹ̀ kò ju ojú ewé kan lọ, ó pè é ní alágbàṣe, ó sì sọ pé àwọn lè dá a dúró nígbàkígbà láìṣe ìkìlọ̀. Nígbà tí ó ní kí wọ́n kọ lẹ́tà pé òṣìṣẹ́ àwọn ni àti pé àwọn gbà kí ó máa ti Portugal ṣiṣẹ́, wọ́n ní àwọn kì í kọ irú rẹ̀. Wọ́n dá a padà. Owó físà lọ, owó ilé tí ó ti san sílẹ̀ lọ́hùn-ún lọ. Owó wà, ẹ̀rí owó ni kò sí.

Ẹ wo ohun tí òfin Spain béèrè, ẹ ó rí i pé ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni ó pọ̀ sí jù. Ilé-iṣẹ́ náà gbọdọ̀ ti máa ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ó kéré tán. Ìwọ náà gbọdọ̀ ti bá wọn ṣiṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Lẹ́tà gbọdọ̀ wá láti ọ̀dọ̀ wọn pé iṣẹ́ náà ṣeé ti òkèèrè ṣe àti pé wọ́n fọwọ́ sí i. O gbọdọ̀ ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì tàbí irú rẹ̀, bí kò bá sì sí, ẹ̀rí pé o ti fi ọdún mẹ́ta ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé ọlọ́pàá àti ìwé adójútòfò ìlera kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, sùúrù ni wọ́n gbà. Kí ẹ ṣáà rántí pé ìwé tí a ṣe nílẹ̀ wa níláti gba ìfọwọ́sí ní Iléeṣẹ́ Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀ Òkèèrè ní Àbújá kí wọ́n tó kà á sí lọ́hùn-ún, kí a sì túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wọn.

Àwọn baba wa ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ẹ tó dé ẹnu ọ̀nà ilé aṣojú ìjọba kankan, ẹ lọ bá ọ̀gá yín jókòó. Ẹ ní kí ó san owó yín sí báńkì, ní orúkọ yín, ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù. Portugal á wo oṣù mẹ́ta tí ó kẹ́yìn. Estonia á wo mẹ́fà. Ẹ ní kí ó kọ iye owó náà, iye wákàtí iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi, àti iye ọjọ́ ìkìlọ̀ tí yóò fún yín kí ó tó dá yín dúró. Ìyẹn ju ọ̀rọ̀ físà lọ. Ẹni tí ó bá fi físà iṣẹ́ gbé ìlú onílùú, bí iṣẹ́ bá bọ́, ilẹ̀ tí físà dúró lé ti yẹ̀. Kò ní ẹbí níbẹ̀, kò ní ẹgbẹ́ níbẹ̀, ilé tí ó gbà sì ní àdéhùn tirẹ̀. Ìkìlọ̀ oṣù kan tàbí méjì nínú ìwé lè jẹ́ ohun tí yóò fi rí iṣẹ́ mìíràn kí ọjọ́ àtúnṣe ìwé tó dé.

Ọ̀rọ̀ "alágbàṣe" yìí náà gba kí a tú u wò. Spain fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa san owó ààbò òṣìṣẹ́, ìyẹn owó tí a fi ń tọ́jú aláìsàn àti arúgbó. Bí o bá jẹ́ òṣìṣẹ́ gidi, ilé-iṣẹ́ rẹ gbọdọ̀ mú ìwé wá pé àwọn ń san án nílẹ̀ tiwọn, bí ìlú méjèèjì bá ní àdéhùn lórí rẹ̀. Bí kò bá sí àdéhùn, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ ní Spain kí wọ́n máa san án níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kò fẹ́ wàhálà yìí. Ohun tí wọn á sọ ni pé, "Lọ bí alágbàṣe." Ó dùn létí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwọ ni yóò forúkọ ara rẹ sílẹ̀, tí yóò máa san gbogbo owó náà lóṣooṣù láti inú àpò ara rẹ. Bí o bá gbà láti lọ bẹ́ẹ̀, jẹ́ kí wọ́n fi nǹkan kún owó rẹ kí o tó fọwọ́ sí i. Tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀gá ni a ń bá jà lórí irú ìyípadà orúkọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ wa níhìn-ín. Kò yẹ kí a gbà á ní ìrọ̀rùn nítorí pé ọkọ̀ òfurufú wà nínú rẹ̀.

Owó orí ńkọ́? Ẹni tí ó bá gbé ju ọjọ́ 183 lọ ní Spain tàbí Portugal ti di ẹni tí wọ́n lè gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Barbados ní tirẹ̀ kì í gba owó orí lórí owó iṣẹ́ ẹni tí ó fi físà yìí wọlé. Ẹ béèrè kí ẹ tó lọ, kì í ṣe nígbà tí lẹ́tà bá dé. Ní ti owó ìfẹ̀yìntì, ẹni tí ó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wa kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kú síbẹ̀: láti 2019 ni PenCom ti ṣe ètò fún àwọn tí ń ṣiṣẹ́ fún ara wọn láti máa dá owó ìfẹ̀yìntì.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn ajẹ́ǹtì. Ẹni tí ó bá ní òun yóò bá yín ṣe lẹ́tà iṣẹ́, ìwé èké ni ó fẹ́ ṣe. Orúkọ yín ni yóò wà lórí rẹ̀, tirẹ̀ kò ní sí níbẹ̀.

Ohun tí ó kù wà lọ́wọ́ wa nínú gbọ̀ngàn yìí. Mo ti sọ pé Spain gba ẹ̀rí iṣẹ́ ọdún mẹ́ta dípò ìwé yunifásítì. Ta ni yóò kọ ẹ̀rí náà fún ọmọ ẹgbẹ́ wa tí kò lọ sí yunifásítì ṣùgbọ́n tí ó ti fi ọdún méje ṣe ìṣirò owó níhìn-ín? Agbanisíṣẹ́ wa ni. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa, ní abala keje, ti pa á láṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí ó sọ ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ẹ jẹ́ kí n béèrè: ẹni mélòó nínú wa ni ó ní ìwé yẹn nílé? Ẹ nawọ́ sókè. (Ọwọ́ tí ó nà kò pọ̀.) Ẹ ti rí i. Àwọn kan ti béèrè lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ láti ọdún tí ó kọjá, títí di òní wọn kò rí i gbà, nítorí ọ̀gá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ lọ.

Nítorí náà, Alága, mo dá àbá yìí: kí ìgbìmọ̀ tí yóò bá àwọn aláṣẹ jókòó nígbà ìjíròrò tí ń bọ̀ béèrè pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ gba ìwé ìlànà iṣẹ́ rẹ̀, àti pé kí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ rí i gbà láàárín ọjọ́ méje, láìbéèrè ibi tí ó ń lọ. Ní ọjọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan, láti agogo mẹ́rin, n ó wà ní ọ́fíìsì láti bá ẹni tí ó bá fẹ́ yẹ ìwé àdéhùn rẹ̀ wò. Kí ẹ mú ìwé wá, ẹ má mú owó wá.

Mo gbé àbá náà síwájú ìpàdé. Ta ni yóò kín in lẹ́yìn?