Ìbínú Ẹni Tó Fẹ́ràn Wa

N ò kàwé kọjá ìwé mẹ́fà, ohun tójú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò ìrẹsì, mo fi ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, sílẹ̀ lọ́dọ̀ màmá mi, mo gba Èkó lọ. Oṣù mẹ́ta ni mo lò. Ọjọ́ tí mo dé, mo nawọ́ sí i, ó sá sẹ́yìn ìyá àgbà. Inú bí mi, mo gbá a létí. Títí dòní ló ń dùn mí.

Ọmọ yẹn ò kórìíra mi o. Ẹ̀rù ló ń bà á pé màá tún lọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Ẹni tó máa gbé e ló ń wò.

Ìyá òyìnbó kan, Mary Ainsworth, lọ sí Uganda ní 1954. Ó ń bẹ ìyá 26 wò nílé wọn, ní àwọn abúlé tí kò jìnnà sí Kampala. Ó rí i pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ sí ìyá rẹ̀ máa ń lọ ṣeré, á tún padà wá. Èyí tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ ń sunkún ṣáá, kódà lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Àwa náà ń rí i nídìí igbá wa: ọmọ á rìn lọ sọ́dọ̀ ìyá aláta, á wẹ̀yìn wò wá, kó tó máa lọ.

Àgbà náà ò yàtọ̀. Ọkọ tó ń pariwo pé "Ibo lo ti ń bọ̀?", ìyàwó tó fi ọjọ́ mẹ́ta dákẹ́, ó lè jẹ́ ẹ̀rù ló wà nídìí ẹ̀. N ò ní ká gba ìlù mọ́ra o. Ìlù kì í ṣe ìfẹ́.

Bí a bá ń lọ sọ́jà tó jìnnà, ká má yọ́ lọ nígbà tọ́mọ ń sùn. Ká dágbére fún un, ká sọ ọjọ́ tí a máa dé, ká sì dé lọ́jọ́ náà. Bó bá sá fún wa, ká jókòó, ká dúró dè é.

Ọmọ mi ti dìyá ọmọ l'Ádó báyìí. Lọ́dún tó kọjá, mo bẹ̀ ẹ́ nítorí ìgbájú yẹn. Ó sunkún. Ó ní, "Màámi, ojú títì ni mò ń wò lójoojúmọ́."

Ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá ń bínú sí, kó lọ bá a lónìí. Ọjà ọ̀la ò ní sá lọ.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín