Orin Àwọn Ọmọ Tí A Pè Ní Aláìwúlò

Àwọn baba wa ní, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Orin kan wà tí òwe yìí bá mu. Pọ́ńkì ni wọ́n ń pè é. Èébú ni ọ̀rọ̀ náà lédè Gẹ̀ẹ́sì: ọmọ ìta, ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan.

Ní ọdún 1976, ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin ní New York, tí wọ́n ń jẹ́ Ramones, gbé àwo orin wọn àkọ́kọ́ jáde. Orin 14 ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Gìtá kíkan, ìlù yíyára, ọ̀rọ̀ ṣókí, ó parí. Ní ìgbà náà, àwọn gbajúmọ̀ olórin a máa ta gìtá títí nínú orin kan ṣoṣo, ẹni tí kò kọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sì lè bá wọn dé ibẹ̀. Pọ́ńkì sọ fún ọmọ tálákà pé ìwọ̀nba tí ó mọ̀ tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Igi kan ni, ẹ̀ka rẹ̀ pọ̀. Ní Washington, àwọn ọ̀dọ́ adúláwọ̀ mẹ́rin, Bad Brains, mú orin náà yára ju ti ìṣáájú lọ. Èyí ni hardcore. Ní Manchester, Joy Division sọ ọ́ di orin ìrònú. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa hù ní Coventry, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe mọ́tò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní 1979, Jerry Dammers dá ilé-iṣẹ́ àwo orin sílẹ̀ níbẹ̀, ó pè é ní 2 Tone, èyíinì ni Àwọ̀ Méjì. Wọ́n po agbára pọ́ńkì mọ́ ska, orin ijó àwọn ará Jàmáíkà. Dúdú àti funfun jọ dúró lórí pèpéle kan. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí ẹgbẹ́ National Front ń polongo nígbà náà pé kí àwọn adúláwọ̀ kúrò nílùú. Nígbà mìíràn, àwọn oníkòórira a wá dá ìjà sílẹ̀ níbi eré wọn.

Obìnrin kan wà láàrin wọn, Pauline Black, akọrin The Selecter. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá tó bí i. Ìdílé òyìnbó kan ní Romford ni ó gbà á tọ́. Kí ó tó di olórin, ilé ìwòsàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́, nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń ya fọ́tò egungun. Ó wọ kóòtù, ó dé fìlà bí ọkùnrin, ó gun orí pèpéle, gbogbo ìlú sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ní oṣù Keje 1981, tí rògbòdìyàn ń ṣẹlẹ̀ ní ìgboro ọ̀pọ̀ ìlú Gẹ̀ẹ́sì, orin The Specials nípa ìlú tó ti dahoro ni ó gba ipò kìíní. Orin kò fún aláìníṣẹ́ níṣẹ́, kò sì pa ìkórìíra run. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n máa bá ara wọn jà lè jọ lu ìlù kan.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹnikẹ́ni bá pè yín ní aláìwúlò, ẹ wo ohun tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì dá a ṣe: àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà.