Ẹ̀sìn, Ẹgbẹ́ Síkáòtù àti Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogbo Wa

Ọ̀rọ̀ tí ẹ ní kí a sọ kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan ọ̀pọ̀ ìdílé. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹ̀jẹ́ tí a fi orúkọ Ọlọ́run jẹ́ di ìdènà fún ọmọdé nínú ilé-ẹ̀kọ́ tí owó gbogbo wa kọ́?

Àwọn àgbà inú wa mọ bí ọ̀ràn náà ti rí láyé àtijọ́. Ìjọ Onígbàgbọ́ ni ó ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ilẹ̀ wa. Oore ńlá ni, a kò sì gbọdọ̀ ya aláìmoore. Síbẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí mélòó ni ó yí orúkọ padà kí ó tó rí àyè jókòó nínú kíláàsì! Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní 1955, iye ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti 456,600 dé 811,432. Nínú owó orí tí a fi ṣe é, ti Onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, ti Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ti àwọn abọ̀rìṣà náà kò gbẹ́yìn.

Ní ọdún kejì rẹ̀, 1956, Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ bákan náà, àti Sheila aya rẹ̀ dá Mayflower School sílẹ̀, láìfi ìsìn kankan sínú ètò rẹ̀. Àwọn kan bẹ̀rù pé àwọn ọmọ yóò ya ìyàkuyà. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n roko, wọ́n kàwé, wọ́n sì yege. Àwọn olùfọkànsìn pàápàá sì ń kó ọmọ wọn lọ síbẹ̀. A kò bá Solarin gbà lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run (àwọn kan nínú wa ń kírun, àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì), ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí nìyẹn.

Ẹgbẹ́ Síkáòtù tí Baden-Powell bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1907 dé Nàìjíríà ní 1915. Ẹ̀jẹ́ rẹ̀ dárúkọ ojúṣe sí Ọlọ́run, kò sọ ti ìjọ wo. Ọmọ babaláwo pàápàá lè jẹ́ ẹ, nítorí ta ni kò mọ Olódùmarè? Boys' Brigade yàtọ̀. Láti 1883 tí William Smith ti dá a sílẹ̀ ní Glasgow, ìjọba Kristi ni ó wà fún, kò sì fi pamọ́. Kí ó máa lu ìlù rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ó bá sì fẹ́ lo pápá ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí gbọdọ̀ rí i lò pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà mọ wàhálà tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Síkáòtù kọ ọmọ tí kò gba Ọlọ́run gbọ́, bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Ní 2005 ẹgbẹ́ náà gbà láti yọ ìgbọ̀wọ́ náà kúrò lọ́wọ́ wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn: láti 2014, ọmọ tí kò lẹ́sìn lè jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí a kò dárúkọ Ọlọ́run nínú rẹ̀. Èyí tẹ́ wa lọ́rùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò lé ọmọ kankan sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Abala 38 nínú Òfin Ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi ìsìn tí kì í ṣe tirẹ̀, tàbí èyí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ẹ kò ní gbàgbé Ìwó ní 2016, nígbà tí ọ̀ràn ìbòrí mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wọ aṣọ akọrin lọ sí kíláàsì. A kò fẹ́ irú rẹ̀ ní Rẹ́mọ.

Nítorí náà a bẹ ẹgbẹ́ yìí pé kí ó kọ̀wé sí àwọn òbí àti olùkọ́ ní Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru àti Ìlíṣàn. Kí olùkọ́ gbọ́ tẹnu òbí kí ó tó kọ orúkọ ọmọ sí ẹgbẹ́ kankan. Kí ìpàdé máa wáyé lẹ́yìn agogo ìparí. Kí a má sì fi ọmọ tí ó bá kọ̀ ṣẹ̀sín níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Ẹni tí ó bá ní àtúnṣe, kí ó sọ ọ́ kí a tó túká lónìí.