EWÉ AKÍNTỌ́LÁ ÀTI ỌGBẸ́ ÀDÁ
Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Àgbẹ̀ Kòkó



Kò sí ẹni tí kò mọ ewé Akíntọ́lá nínú yín, èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ewé Awólọ́wọ̀. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni irú rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ó wọ Nàìjíríà, pẹ̀lú irúgbìn igi gmelina tí a kó wá láti Sẹ́lóònù, erékùṣù tí à ń pè ní Sri Lanka nísisìyí. A máa bo kòkó kéékèèké mọ́lẹ̀, iná a sì máa tètè ràn án ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà, ẹ máa ro ó kúrò lóko.

Síbẹ̀, ó ní oore kan. Bí àdá bá ṣá ènìyàn lọ́gbẹ́, omi ewé yìí a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì. Àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé ó ń ran ẹran ara tuntun lọ́wọ́ láti hù. Ní ilẹ̀ Vietnam, wọ́n ti fi í ṣe oògùn ọgbẹ́ àti ti ibi tí iná jó.

Bí ẹ ó ti lò ó nìyí:

Èkíní: Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́, kí ẹ sì fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ dáradára.

Èkejì: Ẹ já ewé tútù níbi tí a kò fín oògùn kòkó sí. Ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ fi ọwọ́ mímọ́ ra á, kí ẹ fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́. Ẹ má ṣe fi ẹnu rún un.

Ẹ̀kẹta: Ẹ fi aṣọ mímọ́ dì í.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ fi ọkàn sí ti ẹ̀kẹrin yìí gidigidi. Inú erùpẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì ń gbé, ewé yìí kò sì lè dènà rẹ̀. Láàrin ọjọ́ 3 sí 21, nígbà tí ojú ọgbẹ́ lè ti jinná pàápàá, àgbọ̀n a dì, ọrùn àti ẹ̀yìn a sì gan. Àrùn apani ni. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Ìkórè ń lọ lọ́wọ́, n kò ráyè lọ sí ìlú.” Kòkó tí ó pọ́n lè dúró dè yín di ọ̀la, àrùn yìí kì í dúró. Ohun tí ó sàn jù ni pé kí gbogbo ará ilé àti alágbàṣe yín ti gba abẹ́rẹ́ náà kí ọgbẹ́ tó dé.

Ní ìparí, ẹ má ṣe mu àgbo igi yìí: májèlé tí í ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wà nínú òdòdó àti gbòǹgbò rẹ̀.

Àdá kò ní ṣá yín o. Ẹ ó kórè tayọ̀tayọ̀.