Kí Ni Ohun Tó Ń Wọ́ Nínú Àpótí Ẹja Yẹn?

Ẹni tó bá ń pàtẹ lọ́wọ́, kó máa pàtẹ lọ, kó ṣáà dẹtí sí wa. Inú àpótí ẹja kan ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ló parí sí.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa, àgbàdo ló ń tà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ní àpótí onídígí kan tó fi ń sin ẹja kéékèèké. Ọmọ náà fẹ́ kí ilé ẹja òun dára lójú, ló bá lọ sódò, ó kó ojúoró díẹ̀, ó gbé e lé orí omi inú àpótí. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá rẹ̀ ń gbálẹ̀ láàárọ̀, ló bá rí nǹkan kan tó lẹ̀ mọ́ dígí láti inú. Ó dúdú, ó rọ̀, ó ń yọ̀, ó ń na ara rẹ̀, ó tún ń sún kì. Ìyá náà ké, ó ní: "Ìgbín wo rèé tí kò ní karawun?"

Ẹ ṣáà mọ bí ilé wa ṣe rí. Kíá, èrò ti pé. Ẹnì kan ní kí wọ́n da iyọ̀ sí i. Ẹnì kejì ní kí wọ́n fín oògùn ẹ̀fọn sínú omi. Ìyá àgbà ilé ní ẹnì kan ló rán an sí wọn, pé kí wọ́n lọ bèèrè lẹ́sẹ̀ kan náà. Ìyá ọmọ náà kò ṣe ọ̀kankan nínú rẹ̀. Ó fi àwo bo àpótí, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń wọn àwọn ọmọ ọwọ́. Ó ṣeun. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Mo bá a délé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a rí fún yín, nítorí ó lè ṣẹlẹ̀ nílé ẹnikẹ́ni tó bá ń sin ẹja tàbí tó ń pọn omi odò.

Ìgbín tí kò ní karawun, orí ilẹ̀ ló ń gbé, kì í ṣe inú omi odò. Tí ẹ bá rí ohun tó jọ ọ́ nínú omi, ó lè jẹ́ eṣúṣú, èyí tó ní ẹnu lílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn. Ó sì lè jẹ́ aràn pẹlẹbẹ kékeré kan tí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan. Eyí tí a rí yẹn, eṣúṣú ni. Kò sẹ́ni tó rán an. Abẹ́ ewé ojúoró ló bá wá, ó ṣì kéré nígbà náà, ojú kò rí i.

Mo fi ṣíbí gùn gbé ojúoró náà sókè, mo yí abẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ìṣáwùrú kéékèèké lẹ̀ mọ́ ọn, òmíràn kò ju hóró àgbàdo lọ. Ẹyin wọn náà wà níbẹ̀, ó rí bí ẹ̀kọ mímu tó dì, ó ń dán. Kò sẹ́ni tó pariwo nítorí ìṣáwùrú. Eṣúṣú ni gbogbo ojú ń wò.

Mo bá pe ọmọ náà. Mo ní: "Ọkọ mi, ṣé o máa ń wẹ̀ nínú odò tí o ti kó ewé yìí?"

Ó ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá."

"Tí o bá ń tọ̀, ṣé ó máa ń ta ọ́?"

Ó wolẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní: "Ó máa ń pupa tó bá kù díẹ̀ kí n tọ̀ tán. Àwọn ẹ̀gbọ́n ní mo ti ń di géńdé ni."

Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ láìwo àga.

Ẹ̀yin ìyá, ọmọ tó ń tọ ẹ̀jẹ̀ kò di géńdé o. Àìsàn ni. Àtọ̀sí ajá là ń pè é, àwọn dókítà ń pè é ní bilharziose. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹni tó ní in á tọ̀ sódò tàbí sétí odò. Ẹyin aràn wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ẹyin náà á pa nínú omi, ọmọ aràn á wọ inú irú ìṣáwùrú kékeré kan, á pọ̀ sí i níbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, á jáde sínú omi, pàápàá nígbà tí oòrùn bá mú. Ojú kò lè rí i. Tí èèyàn bá fẹsẹ̀ sómi náà, á gba ara wọlé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò nílò egbò. Á lọ jókòó sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká, á máa yé ẹyin. Ẹyin yẹn ló ń ya ara nínú tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde.

Nítorí náà, eṣúṣú kọ́ ló fún ọmọ yẹn ní àìsàn. Ìwẹ̀ odò ni. Ṣùgbọ́n ká ní eṣúṣú kò dẹ́rù bà wá, a ò bá má tíì bi ọmọ náà léèrè.

Ẹ̀yin obìnrin, ọ̀rọ̀ yìí kan tiwa náà. Àwa là ń fọṣọ lódò, àwa là ń fọ ẹ̀fọ́ níbẹ̀. Aràn yìí lè ba ojú ara obìnrin àti ilé ọmọ jẹ́. Ó lè fa ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe nǹkan oṣù, ìrora nígbà tí ọkọ bá súnmọ́ni, àti àìrọ́mọbí. Ọ̀pọ̀ obìnrin ń fi í pamọ́ nítorí ìtìjú, ẹlòmíràn ni ọkọ rẹ̀ ń fẹ̀sùn àgbèrè kàn. Omi odò ni wọ́n ti kó o, wọn kò ṣèṣekúṣe. Tí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ fún wọn pé ẹ máa ń wọ odò. Ọ̀rọ̀ yẹn á ràn wọ́n lọ́wọ́.

Oògùn rẹ̀ wà. Praziquantel ni orúkọ rẹ̀. Bí ara èèyàn bá ṣe wúwo tó ni wọ́n fi ń wọn iye tó máa lò, ẹ má rà á fúnra yín lọ́jà. Tí ẹ bá ń mú ọmọ lọ fún àyẹ̀wò ìtọ̀, ẹ lọ láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, ìgbà yẹn ni ẹyin aràn máa ń pọ̀ jù nínú ìtọ̀. Obìnrin tó lóyún, kó sọ fún agbẹ̀bí kó tó lò ó. Tí wọ́n bá sì wá pín in nílé ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ jẹun, kó lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tó lò ó tó padà sínú odò kan náà lè tún kó o.

Ọ̀rọ̀ àpótí ẹja wá kù. Ẹ má fi ojúoró tàbí òṣíbàtà odò sínú rẹ̀. Tí ẹ bá rí ìṣáwùrú tàbí eṣúṣú, ẹ má ki ọwọ́ lásán bọ̀ ọ́. Ẹ fi ṣíbí tàbí àwọ̀n kékeré kó o, ẹ da omi híhó sí i. Ẹ má fín oògùn ẹ̀fọn síbẹ̀, ẹja á kú, ọmọ á sì fọwọ́ kan májèlé. Ẹ má sì da omi àpótí náà sódò tàbí sí ẹ̀bá kànga. Orí ilẹ̀ gbígbẹ tí oòrùn ń pa ni kí ẹ dà á sí. Irú ìṣáwùrú yìí, ẹyọ kan péré lè dá yé ẹyin láìsí èkejì, ó sì lè fi bẹ́ẹ̀ kún odò tí kò sí tẹ́lẹ̀.

Tí eṣúṣú bá lẹ̀ mọ́ ọmọ lára, ẹ má da iyọ̀ sí i, ẹ má fi iná jó o. Ẹ fi èékánná ti ẹnu rẹ̀ kúrò díẹ̀díẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ̀ ẹ́. Tó bá wọ imú tàbí ọ̀fun, ilé ìwòsàn ni.

Ẹni tí kò ní omi mìíràn ju todò lọ, kó gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ méjì kó tó fi wẹ̀, kó rí i pé kò sí ìṣáwùrú nínú rẹ̀. Aràn inú omi á ti kú. Èyí tí ẹ máa mu, ẹ sè é kó hó.

Ọmọ àdúgbò wa ti lo oògùn. Ìtọ̀ rẹ̀ ti mọ́. Ẹja rẹ̀ ṣì wà, omi ẹ̀rọ ló ń pọn fún wọn báyìí. Ìyá rẹ̀ ní kí n bá òun sọ fún yín pé, lálẹ́ òní, kí kálukú pe ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkùnrin àti obìnrin, kó bi í jẹ́jẹ́, láì bú u: "Ṣé ìtọ̀ rẹ máa ń pupa?"