Omi Nínú Òróró Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá kì í ṣe ti èso tí ń jẹrà lórí igi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti kòkòrò tí ń ba ewé jẹ́. Ti ọkọ̀ tí ń gbé kòkó yín lọ sí ọjà ni. Àwọn kan nínú yín ní ọkọ̀ akẹ́rù tiwọn, àwọn mìíràn sì dá owó jọ nínú ẹgbẹ́ láti ra ọ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kú ní oṣù November, nígbà tí àpò kòkó kún ilé, àtúnṣe rẹ̀ lè gbé èrè ìkórè náà mì. Omi tí ó wọ inú òróró jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ń pa ẹ́ńjìnnì, àmì rẹ̀ a sì máa hàn sí ẹni tí ó bá ń wò kí ó tó ṣe ibi.

Ẹ mọ̀ pé kòkó tí a kò sá gbẹ tó a máa bu. A ń fẹ́ kí omi inú rẹ̀ má ju ìdá 7.5 nínú 100 lọ kí á tó dì í sínú àpò. Òróró ẹ́ńjìnnì kò lè gba tó bẹ́ẹ̀ rárá. Ìdá 1 nínú 1,000 péré ti tó ohun tí a ń kọminú sí. Iṣẹ́ òróró ni láti wà láàárín irin àti irin kí wọn má bàa máa gbo ara wọn. Omi kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Níbi tí ó bá gbé wà, irin yóò kan irin, ìpáàrà yóò sì mú un.

Ẹ fa ọ̀pá gééjì yọ ní òwúrọ̀ kí a tó tan ọkọ̀, kí ẹ sì nù ún sí aṣọ funfun. Òróró tuntun a máa rí bí oyin, èyí tí a ti lò a máa dúdú. Kò sí ẹ̀rù nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí bí tíì tí a da mílíìkì sí, omi ti wọ̀ ọ́, irin tí ń yí nínú ẹ́ńjìnnì sì ti po méjèèjì pọ̀. Bí òróró bá ga ju ibi tí ẹ fi í sí lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bù kún un, ẹ fura. Bí iyèméjì bá sì wà, ẹ gbé irin pẹlẹbẹ kan ka iná, jìnnà sí ọkọ̀ àti sí epo pẹtiróòlù. Nígbà tí ó bá gbóná dáadáa, ẹ kán òróró náà sí i ní ẹ̀kán méjì, kí ẹ sì yí ojú kúrò. Èyí tí kò ní omi yóò rú èéfín díẹ̀ láìpariwo. Èyí tí ó ní omi yóò ta pàrà-pàrà, bí ìgbà tí a sọ ẹja tútù sínú epo gbígbóná.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Wọn a rí òróró funfun, wọn a ra tuntun, wọn a pààrọ̀ rẹ̀, wọn a sì máa lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tuntun náà ti funfun. Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí omi gbà wọlé.

Ọ̀nà kan wà tí kò burú púpọ̀. Epo pẹtiróòlù lítà 1, bí ó bá jó tán, a máa mú omi tí ó tó lítà 1 jáde. Ó lè yà yín lẹ́nu, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá èéfín jáde ní ẹnu sàlẹ́ńsà, díẹ̀ a sì yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnnì sọ̀kalẹ̀ sínú òróró. Ọkọ̀ tí ń rin ọ̀nà jíjìn, òróró rẹ̀ yóò gbóná, omi náà yóò sì rú kúrò. Èyí tí kò ju pé kí ó ti ilé dé oko ní máìlì 2 lọ kì í gbóná tó. Ẹ ó rí ohun funfun bí ọ̀rá lábẹ́ ìdérí ibi tí a ń gbà rọ òróró, ṣùgbọ́n èyí tí ó wà lórí gééjì mọ́, omi rédíétọ̀ kò sì dín. Ẹ máa gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rìn tó máìlì 20 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ òróró rẹ̀ ṣáájú ìgbà tí ẹ ń ṣe é tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níhìn-ín tí kò ní dùn mọ́ àwọn mẹkáníìkì kan. Wọ́n fẹ́ràn láti yọ tẹ́mósítáàtì dànù, wọ́n ní ilẹ̀ wa gbóná, a kò nílò rẹ̀. Ohun kékeré yìí ni ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná tó. Bí a bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì yóò máa ṣiṣẹ́ ní tútù, omi kò sì ní kúrò nínú òróró. Ẹ ní kí wọ́n dá a padà.

Ọ̀nà kejì ni ó ń pani. Omi rédíétọ̀ ni ó ń jò sínú òróró, yálà nítorí pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ti jó, tàbí pé irin rẹ̀ ti sán. Omi yóò máa dín ní rédíétọ̀ láìsí ẹ̀kán kan ní ilẹ̀. Èéfín funfun kò ní dẹ́kun lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná. Ti òwúrọ̀ ọyẹ́ tí ó tètè lọ kò ṣe nǹkan. Ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ó tutù nìkan, nítorí èyí tí ó gbóná lè bó ènìyàn lójú. Kí ẹ wá tan ọkọ̀, kí ẹ wò ó bóyá omi ń hó kùtùkùtù láìtíì gbóná. Nínú ọ̀pọ̀ lọ́rì oní-dísù, ohun kan wà tí omi ń gbà kọjá láti mú òróró tutù. Òun náà lè lu. Kí mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó tú orí ẹ́ńjìnnì, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ kéré jọjọ sí ti ìyẹn.

Awakọ̀ lè wí pé, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rọra gbé ẹrù yìí dé ọjà ná.” Ẹ má ṣe gbà fún un. Ẹ wọ́ ọkọ̀ náà lọ sí ibi àtúnṣe. Bí odò bá ti bo ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú, kí a má ṣe tàn án rárá.

Lẹ́yìn tí a bá ti dí ojú ibi tí ó ń jò, kí a da òróró nù, kí a pààrọ̀ fílítà, kí a rọ òróró tí kò wọ́n sí i. Kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ ní ìdúró títí yóò fi gbóná, kí a tún da èyí náà nù pẹ̀lú fílítà rẹ̀, kí a tó rọ èyí tí ó dára. Bí ó bá ṣì funfun, kí a tún un ṣe.

Ẹgbẹ́ tí ń ra òróró ní àgbá tí ó gba lítà 200, ẹ gbọ́. Bí àgbá bá dúró ní gbangba, òjò a máa dúró lórí rẹ̀. Ní ọ̀sán òróró inú rẹ̀ yóò gbóná, yóò sì wú. Ní òru yóò tutù, yóò sì sún kì, àgbá yóò sì fa omi náà wọlé gba ìdérí rẹ̀, bí a tilẹ̀ dì í pinpin. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ lábẹ́ òrùlé, kí ìdérí méjèèjì wà ní ọ̀gbọọgba, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, kí òróró bò wọ́n láti inú.

Ní ti òróró tí a dà nù, ẹ má ṣe dà á sí odò tàbí sí ìdí igi kòkó. Ẹ rọ ọ́ sínú agolo tí ó ní ìdérí, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí yàrá tí àpò kòkó wà, nítorí kòkó a máa fa òórùn mọ́ra.