Kí Ló Ń Mú Èèyàn Ra Ọkọ̀ Oníná?
(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá wa sọ ní ìpàdé)

 

Ọkọ̀ oníná ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, ìyẹn ọkọ̀ tí kì í mu bẹntiróòlù, tó jẹ́ pé bátìrì tí a ń ṣájì bíi ti fóònù ló ń gbé e rìn. Ẹ mọ̀ pé àwọn kan ti ń bá wa sọ ọ́ pé ká fi owó àjọ ra kòròpé oníná kan tí yóò máa bá wa kó ẹrù, ká máa san án díẹ̀díẹ̀. Inú àwọn kan nínú wa ń dùn, àwọn kan ní jìbìtì ni. Èmi ò ní ká rà á, n ò sì ní ká má rà á. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó mú àwọn tó ti rà á rà á, ká wá wò ó bóyá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lọ́dọ̀ tiwa.

Àwọn tó ń tà á á sọ pé kì í rú èéfín. Òótọ́ ni. Àwa tí a ń jókòó sí Ojúwòyè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ mọ ohun tí èéfín dánfó ń fi ojú rí. Ṣùgbọ́n ta ló máa tú owó àjọ nítorí èéfín? Ọ̀rọ̀ owó ni, ẹ jọ̀ọ́.

Ní 29 May 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, lítà kan kò tó igba náírà ní ilé epo NNPC l'Ékòó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó di 488. Nígbà tó fi máa di October 2024, ó ti di 998. Ó ti ń gòkè, ó ti ń sọ̀ láti ìgbà náà, kò kàn padà sí ti àtijọ́ ni. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ oníná rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ ló wá ń béèrè pé, "Èló ni wọ́n ń tà á?"

Ẹ bá mi ṣírò. Ọkọ̀ kékeré lè fi lítà 1 rin bíi kìlómítà 10 nínú ìgboro. Oníná lè fi yúnìtì iná 1 rin bíi 6. Ká ní a fẹ́ rin 60. Epo lítà 6 ní 998 jẹ́ 5,988 náírà. Yúnìtì 10, ní iye tí àwọn Band A ń san ní July 2024, ìyẹn 209.50, jẹ́ 2,095. Kò sí páànù ọ́ìlì, kò sí pọ́lọ́ọ̀gì, mẹkáníìkì ò ní máa pè yín lójoojúmọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fẹ́ fi ṣájì rẹ̀, ilé epo náà lẹ padà sí yẹn!

Ẹ̀yin tí ẹ ń ná Dántókpá ní Kutọnu, ẹ ti rí ọ̀kadà oníná níbẹ̀. Láti 2022 ni ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Spiro báyìí ti ń kó o fún àwọn zémidjan. Bí bátìrì bá kú, wọ́n á gbé e dé ibùdó, wọ́n á gbà á, wọ́n á fún wọn ní èyí tó kún, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi máa bá iṣẹ́ lọ. Epo tiwa tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí títì, kpayo, ni wọ́n ń rà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí tiwa wọ́n, tiwọn náà wọ́n. Ohun tó ń kù sápò wọn lálẹ́ ni wọ́n ń wò.

Orílẹ̀-èdè Norway pàápàá, tó ń ta epo rọ̀bì fún aráyé, ní 2024, nínú ọkọ̀ tuntun 10 tí wọ́n tà níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 9 tó jẹ́ oníná. Ṣé wọ́n kórìíra epo ni? Rárá. Ìjọba wọn ló mú owó orí kúrò lórí oníná fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó fi wọ́n olóhun epo ju oníná lọ.

Ojú ara ẹni tún ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí GSM dé ní 2001, olówó ló ni ín. Ìgbà tí alájàpá rí i pé ẹnìkejì òun ń pe Mile 12 béèrè iye ata láìwọkọ̀, tí Glo sì ń ka owó ìpè ní ìṣẹ́jú àáyá ní 2003, kí ló kù? Ẹni tó ń ta gàrí rà á.

Ohun tó ń dẹ́rù bani náà wà o. Bátìrì ló wọ́n jù lára ọkọ̀ náà, ó sì ń rẹ̀ ẹ́ bó ti ń pẹ́ bíi ti fóònù. Tokunbọ̀ tí bátìrì rẹ̀ ti gbó, gbèsè ni. Ẹrù tó bá wúwo sì máa ń jẹ ẹ́ kíákíá. Ẹni tó bá ní ká ra ọ̀kadà oníná, ẹ rántí pé ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà ní Surulere àti Lagos Mainland ní 1 June 2022, ti Mushin di 1 September. Ẹ béèrè ní káńsù kí ẹ tó gbé owó sílẹ̀.

Ìyálọ́jà ti ní kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ síwèé. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó máa pààrọ̀ bátìrì àti ọdún tó máa fi ṣe é. Wọ́n ti gbà láti gbé kòròpé kan wá ní ìpàdé tó ń bọ̀. A máa rán an lọ Mile 12, kó gbé ata wá sí Mushin, a ó sì wo ohun tó kù nínú bátìrì nígbà tó bá dé.